Ọjọ́ Tí Àkànó Kò Sọ̀kalẹ̀

Igbó-Ọrà ni wọ́n bí Àkànó sí, ibẹ̀ náà ló kú sí. Àgbẹ̀ ni. Ẹ̀gẹ́ àti àgbàdo ló ń gbìn, ó sì ní igi kaṣú díẹ̀ lẹ́yìn abà. Kò joyè. Kò dé Mẹ́kà. Ilé tí bàbá rẹ̀ fi sílẹ̀ ló gbé títí ọlọ́jọ́ fi dé. Ohun tí gbogbo ojú ọ̀nà Tápà fi mọ̀ ọ́n kò ju kẹ̀kẹ́ ológeere dúdú kan lọ. Ìjókòó rẹ̀ ti gbó débi pé awọ ewúrẹ́ ló fi bò ó. Aago rẹ̀ máa ń dún lẹ́ẹ̀mejì níbi tí ti ẹlòmíràn ti ń dún lẹ́ẹ̀kan. Ẹni tó bá gbọ́ ọ láàárọ̀ kùtù á ní, "Bàbá Ràhmọ̀t ti ń lọ o," á sì dìde lórí ẹní.

Ọdún mọ́kànlélógójì ló fi gun kẹ̀kẹ́ lójú ọ̀nà yẹn. Nínú gbogbo ọdún wọ̀nyẹn, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni kò sọ̀kalẹ̀ níbi tó yẹ kó ti sọ̀kalẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kan yẹn ni ìtàn rẹ̀. Ìyókù, iṣẹ́ oko ni.

Àwọn oníkẹ̀kẹ́ ọ̀nà Tápà ní òfin kan. Kò sẹ́ni tó kọ ọ́ sílẹ̀, kò sì sẹ́ni tó mọ ẹni tó ṣe é. Bí o bá wà lórí kẹ̀kẹ́, tí o rí ẹnìkejì rẹ tó ń ti kẹ̀kẹ́ tirẹ̀, wàá sọ̀kalẹ̀. Ìbáà jẹ́ pé ò ń lọ, ìbáà jẹ́ pé ò ń bọ̀. Wàá yí kẹ̀kẹ́ rẹ sí ibi tí tirẹ̀ kọjú sí, wàá máa bá a rìn, wàá sì bi í ní ìbéèrè méjì: "Kí ló ṣe kẹ̀kẹ́? Kí lo gbé sẹ́yìn?" Ti àkọ́kọ́, nítorí pé ẹnìkan ní páǹpù, ẹnìkan ní sípánà, ẹnìkan ní rọ́bà tí wọ́n fi ń lẹ tíúbù. Ti èkejì, nítorí pé ẹrù tó bá wúwo, ẹ ó pín in sórí kẹ̀kẹ́ méjì. Bí o kò bá ní nǹkan kan tí o lè ṣe, wàá ṣáà máa bá a rìn. Ẹni tó ń ti kẹ̀kẹ́ ló ní àṣẹ láti dá ọ sílẹ̀. Òun ni yóò sọ pé, "Máa gùn ún lọ." Bí kò bá tíì sọ ọ́, o ò gbọdọ̀ gorí kẹ̀kẹ́ rẹ.

Àwọn ọlọ́kadà máa ń fi wọ́n ṣẹ̀fẹ̀. Wọ́n á dẹwọ́ eré, wọ́n á ní, "Ẹ̀yin bàbá wọ̀nyí, táyà mẹ́rin lẹ ní, ẹsẹ̀ lẹ tún fi ń rìn!"

Fàtáì, tí ẹnu rẹ̀ mú jù nínú àwọn oníkẹ̀kẹ́, á dá wọn lóhùn: "Máa sáré lọ, ọmọ epo. Bó bá kú mọ́ ọ lọ́wọ́ níwájú, ta ni yóò bá ọ tì í?"

Nínú gbogbo wọn, Adéwùmí ni ọ̀rẹ́ Àkànó. Wọ́n jọ ra kẹ̀kẹ́ lọ́jọ́ kan náà ní Ìbàdàn ni, nígbà tí irùngbọ̀n wọn ṣẹ̀ṣẹ̀ ń hù, wọ́n sì gùn ún wálé. Ìgbà tí wọ́n fi dé Ẹ̀rúwà, ìdí àwọn méjèèjì ti bó. Ìdúró ni wọ́n jẹun alẹ́ ọjọ́ náà. Láti ìgbà yẹn, Àkànó ló máa ń ṣíwájú lọ sóko, Adéwùmí a máa tẹ̀ lé e. Irin tó bo táyà ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́ Adéwùmí ti mì, ó máa ń dún ṣẹ́kẹ́ṣẹ́kẹ́. Àkànó kì í wẹ̀yìn. Bó bá ti ń gbọ́ ṣẹ́kẹ́ṣẹ́kẹ́ yẹn, ọkàn rẹ̀ balẹ̀.

Mọ́sálásí ni Àkànó ń lọ, ṣọ́ọ̀ṣì ni Adéwùmí ń lọ. Adéwùmí a máa dẹ pàkúté. Bó bá mú ẹran, á fi aṣọ wé e sẹ́yìn kẹ̀kẹ́, kí ojú má baà pọ̀ sí i. Bí Àkànó bá ti rí aṣọ báyìí, á pariwo: "Pàkúté ti mú o! Ti èmi dà?"

Adéwùmí á ní, "Wọn ò dúńbú ẹ̀. Harámù ni fún ọ."

"Màá ní kí Lèmọ́mù bá mi gbàdúrà sí i."

"Ó dáa, orí ni tìẹ. Ìwọ lo ṣáà nílò orí."

Ẹ̀fẹ̀ yẹn ti gbó. Ó ti gbó ju kẹ̀kẹ́ wọn lọ. Wọ́n ṣì ń rẹ́rìn-ín sí i lójoojúmọ́.

Oṣù Keje ọdún 2012 ni ọ̀rọ̀ náà ṣẹlẹ̀. Àkànó ṣì ń gbin ẹ̀gúsí nígbà náà. Ó sá ẹ̀gúsí odindi oko kan sórí tapólì ní abà, ó wá wálé wá wo Hàlímọ̀ ìyàwó rẹ̀, tí ara rẹ̀ kò yá. Lọ́sàn-án, òjò ṣú láti apá Tápà. Ó ṣú dúdú. Àkànó gorí kẹ̀kẹ́, kò dúró kí ẹnikẹ́ni.

Ibì kan wà lọ́nà tí wọ́n ń pè ní Ìsàlẹ̀ Afárá. Ọ̀nà á da gẹ̀ẹ́rẹ́ wálẹ̀ dé odò kékeré kan, á tún gòkè ní òdìkejì. Gbogbo oníkẹ̀kẹ́ ló mọ ọgbọ́n rẹ̀. Bí o bá fi gbogbo eré já sí ìsàlẹ̀, eré náà ni yóò gbé ọ dé ìdajì òkè kejì. Bí o bá fẹsẹ̀ kan ilẹ̀ nísàlẹ̀ pẹ́nrẹ́n, títì ni wàá tì í dé òkè.

Àkànó ti ń já bọ̀ nígbà tó rí Adéwùmí. Adéwùmí ń ti kẹ̀kẹ́ tirẹ̀ bọ̀ láti orí afárá, ó kọjú sílé. Ọwọ́ kan wà lórí ọwọ́ kẹ̀kẹ́, ọwọ́ kejì wà lórí ẹrù ẹ̀yìn. Ẹrù náà kò tóbi. Ìró ìyàwó rẹ̀ ló fi wé e.

Àkànó wo òjò. Ó wo òkè tó wà níwájú. Ó rántí ẹ̀gúsí. Kò fa búréèkì.

"Adéwùmí! Pàkúté ti mú o! Ẹtu lò ń fi ìró ìyàwó bò mọ́ wa lójú! Ti èmi dà?"

Adéwùmí gbójú sókè. Ẹnu rẹ̀ là. Àkànó tẹ́tí sí i pé kó sọ pé orí ni tòun. Kò gbọ́ nǹkan kan. Ó rò pé afẹ́fẹ́ ló gbé e lọ. Ó tẹ aago, ó dún lẹ́ẹ̀mejì, ó sì rẹ́rìn-ín kọjá. Eré náà gbé e ju ìdajì òkè kejì lọ. Inú rẹ̀ dùn sí i. Ó dé abà, ó kó ẹ̀gúsí sínú àpò kí òjò tó balẹ̀.

Nírọ̀lẹ́ ni Fàtáì wá bá a ní abà, ara rẹ̀ rin gbingbin.

"Àkànó, ṣé o ti gbọ́?"

"Kí ni mo gbọ́?"

"Malachi ti lọ."

"Malachi wo? Lọ síbo?"

"Malachi ọmọ Keturah. Ọmọ ọmọ Adéwùmí."

Ọmọ ọdún mẹ́rin ni Malachi. Ìyá rẹ̀, Keturah, wà nílé ẹ̀kọ́ tí wọ́n ti ń kọ́ṣẹ́ tíṣà nígbà náà, ọmọ sì wà lọ́dọ̀ bàbá àgbà rẹ̀ ní abà. Fàtáì jókòó sórí igi, ó ń sọ ọ́ díẹ̀díẹ̀. Ibà ni. Ó ti mú ọmọ láti òru. Adéwùmí gbé e síwájú kẹ̀kẹ́, ó ní òun ń gbé e lọ sílùú kí wọ́n tọ́jú rẹ̀. Ọ̀nà ló kú sí.

"Ó ní òun ò lè gun kẹ̀kẹ́ mọ́, kí òkú ọmọ wà níbẹ̀. Ó sọ̀kalẹ̀, ó fi ìró ìyàwó rẹ̀ wé e sẹ́yìn kẹ̀kẹ́, ó tì í wálé." Fàtáì nu ojú. "Ohun tó dùn mí jù nìyí. Ó ní òun ò pàdé ẹnikẹ́ni. Àwa tá a ń gba ojú ọ̀nà yìí láràárọ̀ lálaalẹ́! Ọjọ́ tó nílò wa, kò rí ẹnìkan kó bá a tì í."

Àkànó ń wo àpò ẹ̀gúsí. Àpò mẹ́ta ni. Kò sí hóró kan tó rin.

Ó yẹ kó sọ̀rọ̀ nígbà yẹn. Ẹnu rẹ̀ wúwo. Fàtáì rò pé ìbànújẹ́ ni.

Lọ́jọ́ kejì, ó lọ kí wọn. Keturah ti dé, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, orí rẹ̀ wà lórí orúnkún ìyá rẹ̀. Àkànó kò lè wo apá ibẹ̀. Adéwùmí na ọwọ́ sí i bó ṣe ń nà án sí gbogbo àwọn tó wá kí i. Ó ní, "Ẹ ṣé." Ẹ ṣé! Ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí kò pè é ní "ẹ" rí láti ọgbọ̀n ọdún sẹ́yìn. Àkànó gbé ọ̀rọ̀ náà délé, kò lè gbé e mì.

Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Adéwùmí kò bá a jà. Kò sọ nǹkan kan fún ẹnikẹ́ni. Bí Àkànó bá kí i, á dáhùn. Ṣùgbọ́n bí táyà Àkànó bá jò, tó ń ti kẹ̀kẹ́ lọ lẹ́bàá ọ̀nà, á gbọ́ ṣẹ́kẹ́ṣẹ́kẹ́ láti ẹ̀yìn, á máa sún mọ́ ọn, á dé ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, á kọjá. Kì í dẹwọ́, kì í sáré sí i. Bí kẹ̀kẹ́ Adéwùmí ló bá sì bàjẹ́, Àkànó á sọ̀kalẹ̀ kíákíá. Kó tó la ẹnu, Adéwùmí á ti ní, "Máa gùn ún lọ." Kì í jẹ́ kó bi òun ní ìbéèrè méjèèjì. Òfin sì ni. Àkànó á tún gorí kẹ̀kẹ́ rẹ̀ bí ẹni tí wọ́n lé.

Ó pẹ́ kí Fàtáì tó ṣàkíyèsí. Nígbà tó ṣàkíyèsí, ó tọ Adéwùmí lọ.

"Kí ni Àkànó ṣe fún ọ?"

"Kò ṣe mí ní nǹkan kan."

"Ṣé ẹ ń jà ni?"

"Mi ò bá a jà."

"Kí ló dé tí o kì í sọ̀kalẹ̀ fún un?"

"Ojú mi kì í tètè rí i."

"Ojú tó ń rí okùn pàkúté nínú ewé, Àkànó gbọọrọ gbọọrọ yìí ni kò rí?"

"Fàtáì, gun kẹ̀kẹ́ rẹ."

Fàtáì wá jíṣẹ́ fún Àkànó. "Ó ní òun ò bá ọ jà. Kí ló tún kù?" Àkànó ní kò ku nǹkan kan. Nínú ọkàn rẹ̀, ó ń wò ó pé bó bá jẹ́ ìjà ni, wọ́n á pe àgbà, wọ́n á parí rẹ̀. Èyí tí kì í ṣe ìjà, ta ló fẹ́ bá wọn parí rẹ̀?

Ọdún ń gorí ọdún. Àkànó kò gbin ẹ̀gúsí mọ́, kò sì jẹ ẹ́ mọ́.

Hàlímọ̀ bi í, "Bàbá Ràhmọ̀t, kí ni ẹ̀gúsí ṣe yín?"

"Inú mi ni ò gbà á."

"Inú tó ti ń gbà á láti kékeré?"

"Ó ti dàgbà."

Ó wá di ẹni tó ń sọ̀kalẹ̀ fún gbogbo ènìyàn. Kì í ṣe oníkẹ̀kẹ́ nìkan. Ọlọ́kadà tí epo tán mọ́ lọ́wọ́, Àkànó á sọ̀kalẹ̀. Obìnrin tó ru igi, Àkànó á sọ̀kalẹ̀, á gba igi náà sórí kẹ̀kẹ́. Á bi wọ́n pé kí ni wọ́n gbé, á sì wò ó dáadáa, àfi bí ẹni tó ń wá nǹkan tó sọnù. Wọ́n ń yìn ín nílùú pé ọkàn rẹ̀ dára. Bí wọ́n bá ṣe ń yìn ín ni ara ń ta á.

Nǹkan kan ṣoṣo ló ń fẹ́. Kí Adéwùmí sọ̀kalẹ̀ fún òun lẹ́ẹ̀kan, kó tó di pé òun kú.

Nígbà tó di ọdún 2023, owó epo bẹntiróòlù fò sókè lójijì. Àwọn ọlọ́kadà bẹ̀rẹ̀ sí í gbé máṣíìnì wọn jókòó. Kẹ̀kẹ́ ológeere tí adìyẹ ti ń yé sí lábẹ́ àjà, wọ́n gbé e jáde, wọ́n nù ún. Sódìq ọmọ Àkànó náà gbé ọ̀kadà rẹ̀ tì. Fàtáì dúró sẹ́bàá ọ̀nà, ó ń kí wọn káàbọ̀ bí ẹni ń gba àlejò.

"Ẹ wọlé o, ẹ̀yin ọmọ epo! Ẹ rọra jókòó, ìdí yín á kọ́kọ́ bó ná!"

Àkànó kọ́ wọn ní òfin ọ̀nà. Ó ní, "Ẹ máa sọ̀kalẹ̀. Ẹ má kàn fi ẹnu bèèrè o. Ẹ sọ̀kalẹ̀, kẹ́ ẹ wò ó."

Sódìq ní, "Bàbá, bí mo bá ń kánjú ńkọ́?"

Àkànó wo ọmọ rẹ̀ títí. Ó ní, "Ọjọ́ tó o bá ń kánjú gan-an ni kó o sọ̀kalẹ̀."

Ọdún yẹn náà ni ẹsẹ̀ Àkànó bẹ̀rẹ̀ sí í wú. Wọ́n wò ó ní ọsibítù, wọ́n ní ẹ̀jẹ̀ ríru ni, wọ́n fún un lóògùn, wọ́n ní kó fi kẹ̀kẹ́ sílẹ̀. Hàlímọ̀ gbé kẹ̀kẹ́ pamọ́ sí yàrá ẹ̀yìn. Àkànó gbé e jáde.

"Ẹ jẹ́ kí kẹ̀kẹ́ yìí sinmi, kí ẹ̀yin náà sinmi," Hàlímọ̀ ní. "Sódìq á máa wo oko."

"Bí mo bá jókòó sílé, ta ló máa rí mi lọ́nà?"

"Ta lẹ fẹ́ kó rí yín?"

Ó gorí kẹ̀kẹ́, ó lọ.

Keturah ti di tíṣà nígbà yẹn, ní ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan lójú ọ̀nà Tápà. Ó ti lọ́kọ, ó ti bí ọmọ mìíràn, Ayọ̀délé. Ọ̀kadà ló máa ń wọ̀ lọ síbi iṣẹ́ tẹ́lẹ̀. Nígbà tí owó ọkọ̀ kò ṣeé san mọ́, ó wọ ṣòkòtò sábẹ́ síkẹ́ẹ̀tì, ó gba kẹ̀kẹ́ ọkọ rẹ̀. Àwọn ọmọ ìta á máa ké sí i pé, "Tíṣà, ẹ rọra o, òpópó ti kún!" Òun náà á ní, "Wá gùn ún, kí n wò ọ́."

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan nínú oṣù Kọkànlá, Àkànó ń bọ̀ láti oko. Ó dé Ìsàlẹ̀ Afárá. Ó rí obìnrin kan níwájú tó ń ti kẹ̀kẹ́ gòkè lọ sílé. Nǹkan kan wà lẹ́yìn kẹ̀kẹ́ náà. Ìró ló fi wé e.

Àkànó fa búréèkì. Ó sọ̀kalẹ̀. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kò tètè gbé e, ó ní láti di kẹ̀kẹ́ mú kó tó lè dúró. Ó tì í dé ọ̀dọ̀ obìnrin náà. Keturah ni.

"Ẹ ǹlẹ́ o, Bàbá Ràhmọ̀t. Ẹ má wulẹ̀ sọ̀kalẹ̀, ṣéènì ló já."

"Kí lo gbé sẹ́yìn?"

"Ìwé àwọn ọmọ ni. Mo fẹ́ lọ máàkì í nílé. Mo fi aṣọ bò ó nítorí eruku."

Àkànó gbé etí aṣọ náà sókè. Ìwé ni lóòótọ́. Ó tún bò ó. Wọ́n rìn díẹ̀.

"Màmá Malachi."

Keturah dúró gbọnrangandan. Ọdún mọ́kànlá rèé, kò sẹ́ni tó pè é bẹ́ẹ̀. Màmá Ayọ̀délé ni gbogbo ayé ń pè é.

"Kí lẹ pè mí, Bàbá?"

"Ibí ni mo ti rí i. Lọ́jọ́ náà. Bàbá rẹ ń tì í bọ̀, èmi ń lọ sóko. Mo wà lórí kẹ̀kẹ́. Mi ò sọ̀kalẹ̀."

Keturah ń wò ó.

"Mo rò pé ẹran pàkúté ni. Òjò ń bọ̀, mo sá ẹ̀gúsí. Mo fi í ṣẹ̀fẹ̀, mo kọjá."

"Ẹ fi í ṣẹ̀fẹ̀."

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Kí lẹ sọ?"

"Ọmọ mi, má jẹ̀ẹ́ kí n tún un sọ."

"Ẹ tún un sọ. Èmi ni mo bí i."

Àkànó tún un sọ. Gbogbo rẹ̀ pátá, ẹtu, ìró ìyàwó, "ti èmi dà." Kò sí afẹ́fẹ́ lọ́sàn-án yẹn tí yóò gbé e lọ. Ó dún ketekete.

Keturah kò pariwo. Ó di ọwọ́ kẹ̀kẹ́ mú, ó tún bẹ̀rẹ̀ sí í tì í. Àkànó ń tẹ̀ lé e.

"Bàbá mi ní àwọn ò pàdé ẹnikẹ́ni lọ́nà. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n sọ ọ́. Mi ò bi wọ́n. Àwọn fúnra wọn ni wọ́n ń sọ ọ́ ṣáá."

"Ó bò mí láṣìírí."

"Wọn ò bò yín láṣìírí, Bàbá. Èmi ni wọ́n ń bò ó mọ́. Wọn ò fẹ́ kí n mọ̀ pé ẹnìkan rẹ́rìn-ín sí i."

Ọ̀rọ̀ náà bá Àkànó níbi tí kò retí. Gbogbo ọdún wọ̀nyẹn, ọ̀dọ̀ Adéwùmí ni ojú rẹ̀ wà. Adéwùmí ló ń wò lọ́nà, Adéwùmí ló ń retí. Kò wá sí i lọ́kàn rí pé ọ̀nà mìíràn wà tó yẹ kó kọ́kọ́ gbà.

"Ẹ̀ bá ti wá bá mi," Keturah ní.

"Ojú ló ń tì mí."

"Fún ọdún mọ́kànlá?"

"Fún ọdún mọ́kànlá."

Wọ́n dé òkè. Ibẹ̀ ni àwọn ènìyàn ti ń gorí kẹ̀kẹ́. Keturah wo ẹsẹ̀ Àkànó tó ti kún inú bàtà. Ó mọ òfin ọ̀nà, ọmọ oníkẹ̀kẹ́ ni. Kò sọ pé kó máa gùn ún lọ. Àkànó kò sì retí rẹ̀. Ó bá a rìn dé ìlú, máìlì mẹ́rin, ó ń dúró, ó ń mí, ó ń rìn.

Ilé bàbá rẹ̀ ni Keturah kọ́kọ́ yà sí. Nígbà tí wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ débẹ̀, ó ní, "Malachi fẹ́ràn aago yín. Ó máa ń sọ fún mi lórí fóònù. Ó ní ti bàbá àgbà òun ẹ̀ẹ̀kan ló ń dún, tiyín ẹ̀ẹ̀mejì."

Àkànó fi ọwọ́ bo aago náà.

Adéwùmí wà níwájú ilé, ó ń lọ́ okùn pàkúté. Ó rí àwọn méjèèjì tí wọ́n ń ti kẹ̀kẹ́ bọ̀. Ọwọ́ rẹ̀ dúró.

Keturah ní, "Bàbá, Bàbá Ràhmọ̀t ti sọ fún mi."

Adéwùmí wo ọmọ rẹ̀. Ó wo Àkànó. Ó dìde, ó wọ inú ilé lọ, ó fi okùn sílẹ̀ níbẹ̀. Àkànó dúró díẹ̀, kò sẹ́ni tó jáde. Ó ti kẹ̀kẹ́ rẹ̀ lọ sílé. Hàlímọ̀ rí ẹsẹ̀ rẹ̀, ó bú sẹ́kún.

Lẹ́yìn ìyẹn, oṣù méjì kọjá, nǹkan kan kò yí padà. Adéwùmí ń kọjá bó ṣe ń kọjá tẹ́lẹ̀. Àkànó kò lè gun kẹ̀kẹ́ mọ́ rárá nígbà náà. Títì ló ń tì í. Ó ń fi í ṣe ọ̀pá. Á rìn dé ibi tí agbára rẹ̀ bá dé lójú ọ̀nà Tápà, á padà. Sódìq bẹ̀ ẹ́ títí. Ó ní òun ń lọ wo kaṣú.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan nínú ọyẹ́, ó ń tì í lọ. Ó gbọ́ ṣẹ́kẹ́ṣẹ́kẹ́ lẹ́yìn. Ó ya kẹ̀kẹ́ sẹ́bàá koríko, bó ṣe máa ń ṣe, kí Adéwùmí ríbi kọjá. Kò wẹ̀yìn. Ṣẹ́kẹ́ṣẹ́kẹ́ ń sún mọ́ ọn. Ó dé ẹ̀yìn rẹ̀. Ó dákẹ́.

Àkànó rò pé ṣéènì ló já. Ó wá gbọ́ ẹsẹ̀ lórí ilẹ̀.

"Kí ló ṣe kẹ̀kẹ́?"

Ohùn Adéwùmí ti di ohùn arúgbó. Bó ṣe jìnnà sí etí rẹ̀ tó nìyẹn.

"Kò ṣe nǹkan kan. Ẹsẹ̀ ni."

"Kí lo gbé sẹ́yìn?"

"Ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí mo fẹ́ sun jẹ ní abà ni. Hàlímọ̀ ló bá mi fi aṣọ bò ó."

Adéwùmí gbé etí aṣọ sókè, ó wò ó. Ó tú okùn rẹ̀, ó gbé ọ̀gẹ̀dẹ̀ náà sẹ́yìn kẹ̀kẹ́ tirẹ̀, ó so ó. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í rìn. Ọyẹ́ bo iwájú, kò jẹ́ kí wọ́n rí ọ̀nà jìnnà.

"Mo fẹ́ pè ọ́ lọ́jọ́ náà," Adéwùmí ní. "Ohùn ni kò jáde."

"Mo rí i tí ẹnu rẹ là."

"Mo máa ń rò ó. Ká ní ohùn mi jáde ni, ìwọ ì bá sọ̀kalẹ̀."

"Ǹ bá sọ̀kalẹ̀."

"Mo mọ̀. Ìyẹn gan-an ni mi ò lè gbà, pé ohùn mi nìkan ló kù."

Wọ́n dé Ìsàlẹ̀ Afárá, wọ́n rọra sọ̀ ọ́, wọ́n rọra gòkè rẹ̀. Adéwùmí fi ọwọ́ kan ti kẹ̀kẹ́ tirẹ̀, ó fi ọwọ́ kejì bá Àkànó di ìjókòó kẹ̀kẹ́ dúdú mú. Wọ́n dé òkè, níbi tí àwọn ènìyàn ti ń gorí kẹ̀kẹ́. Oòrùn ti ń ga. Oko Adéwùmí ṣì jìnnà, iṣẹ́ sì wà níbẹ̀ tó ń dúró dè é. Ó yẹ kí Àkànó dá a sílẹ̀. Ó la ẹnu pé kóun sọ ọ́.

Ó tún pa á dé.

Adéwùmí náà kò bèèrè. Wọ́n kọjá ibẹ̀, wọ́n ń ti kẹ̀kẹ́ lọ.